Nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ akẹ́rù: iṣẹ́ kò parí níbi tí a ti sọ jáàkì kalẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni mí ní ìlú Òṣogbo, ìdí táyà, họ́ọ̀bù (irin tó ń yí, tí a ń fi bóòtù de rìímù mọ́) àti bírèékì ni iṣẹ́ mi sì dá lé jù. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé, nínú ohun tí ojú mi ti rí nídìí iṣẹ́ yìí, bí táyà bá yọ lẹ́sẹ̀ tírélà tàbí típà lójú títì, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀ràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n tú táyà náà kẹ́yìn, tí wọ́n dá a padà, tí wọ́n fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀, tí kálukú sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi tó àwọn ọlọ́kọ̀, àwọn awakọ̀, àwọn fọ́kánáísà àti àwọn aláṣẹ létí.

Nígbà tí ìròyìn bá sọ pé táyà ló fa ìjàǹbá kan, ó yẹ kí a béèrè ohun tí táyà ṣe gan-an. Ṣé rọ́bà rẹ̀ ló bẹ́ ni, àbí òun àti rìímù rẹ̀ ló jọ yọ kúrò lára ọkọ̀? Èyí tó bẹ́ kò kúrò nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tó yọ ti di ẹrù tó ń dá sáré. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan pẹ̀lú rìímù irin rẹ̀ máa ń wọ̀n tó nǹkan bí 100 kílò, bí ọkọ̀ bá sì ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí táyà yọ, eré yẹn náà ni táyà yóò máa bá lọ, láìní bírèékì, láìsí ẹni tí yóò fọn fèrè fún àwọn tó wà níwájú. Yóò fò kọjá sí ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, tàbí kó gba etí títì lọ sídìí àtẹ. Gbogbo wa la mọ bí etí ọ̀nà wa ṣe rí. Láti Gbọ̀ngán wá sí Òṣogbo, láti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun, àti ní ọ̀nà Iléṣà, àwọn oníṣu wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́pà àti oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé tó ń dúró de ọkọ̀ sì wà níbẹ̀. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo mọ̀ pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn kan yóò ní ọwọ́ ayé ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó gbà gbọ́. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà ni pé nọ́ọ̀tì kì í sábà dẹ̀ kó má fi àmì hàn, àti pé àmì náà sábà máa ń wà lójú gbangba ṣáájú ọjọ́ tí táyà yóò yọ, bí a bá rí ẹni tó máa tẹ̀ ba tí yóò wò ó.

Típà oníyanrìn kan wọ ọgbà wa nígbà kan nítorí bírèékì rẹ̀ tó ń fà sápá kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kun rìímù rẹ̀, ó ń dán, ó sì jọ ọkọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú. Nígbà tí a tẹ̀ ba sídìí táyà ẹ̀yìn lápá òsì, a rí ìlà pupa rúsúrúsú mẹ́rin tó ti ìdí nọ́ọ̀tì mẹ́rin gba orí ọ̀dà tuntun náà lọ sí etí rìímù. Ìpẹtà ni. Ibi tí nọ́ọ̀tì bá ti ń mì, irin a máa ha irin, ìyẹ̀fun tó bá ha kúrò á dógùn-ún, omi òjò á gbé e, yíyí táyà á sì fọ́n ọn síta lójú kan náà nígbà gbogbo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tì wọ̀nyí, ọ̀dà ti bó kúrò yípo, irin abẹ́ rẹ̀ sì mọ́ gbòò. Mo fi ọwọ́ lásán di nọ́ọ̀tì náà mú, ó yí.

A tú táyà náà sílẹ̀. Ihò bóòtù lára rìímù kò rí róbótó mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ̀ sápá kan, eyín bóòtù, ìyẹn ìlà yíyípo tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọ̀ ọ́, sì ti fi àpá wọn sí inú ihò náà. Bóòtù méjì ti kán tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti mú nọ́ọ̀tì méjì, ó ti jó wọn mọ́ ojú rìímù, kí ẹni tó bá ń kà wọ́n lè rò pé wọ́n pé. Mo bi awakọ̀ náà bóyá kò gbọ́ ohunkóhun láti ọjọ́ yìí. Ó ní, “Bàbá, mo ń gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ yà ní Ọláìyá, ṣùgbọ́n súpìríǹgì ni mo pè é.” Mo tún bi í pé ìgbà wo ni wọ́n tú táyà náà kẹ́yìn. Ó ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni, pé òru ni, etí ọ̀nà sì ni wọ́n ti ṣe é, àti pé láti ìgbà náà ẹnikẹ́ni kò tíì fi sípánà kan nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá orí mú. Inú mi dùn pé nítorí bírèékì ló ṣe wá, nítorí pé ì bá má ti wá rárá.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀tì ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni rìímù gbé ara lé bóòtù, pé bóòtù ló ń ru ẹrù. Bí iṣẹ́ bá dára, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá fún nọ́ọ̀tì, bóòtù irin náà máa ń nà díẹ̀, ìnà tí ojú kò lè rí, ó sì ń fẹ́ fà padà, bíi rọ́bà tí a fi di ìdì igi. Fífà tó ń fà padà yẹn ló ń tẹ rìímù mọ́ ojú họ́ọ̀bù pinpin, ìtẹ̀mọ́ra ojú irin méjèèjì ló sì ń gbé ẹrù. Bí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀, rìímù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò láàyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo yíyí tí táyà bá sì yí ni yóò máa tẹ bóòtù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Irin tí a bá ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìdábọ̀ yóò sán, bó pẹ́ bó yá yóò kán. Ẹrù èyí tó kán á bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ, títí àwọn tó kẹ́yìn yóò fi já lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gbé irú bóòtù bẹ́ẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀ yóò rí i pé ojú ibi tó ti kán pín sí méjì: apá kan ti jọ̀lọ̀, ó sì ti dógùn-ún, ìyẹn ni ibi tó ti sán tipẹ́, apá kejì rí gbágungbàgun, ó sì mọ́, ìyẹn ni èyí tó já lọ́jọ́ ìjàǹbá. Irin náà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé kì í ṣe òní ni.

Kí ló ń mú nọ́ọ̀tì tí a ti fún dáadáa dẹ̀? Ojú irin méjì tí kò mọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Bí ìpẹtà, ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí ọ̀dà tó nípọn bá wà láàárín rìímù àti họ́ọ̀bù, tàbí láàárín rìímù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn ọkọ̀, nọ́ọ̀tì yóò le lọ́wọ́ ẹni tó ń fún un. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá gbé ẹrù, tó sì bọ́ sínú kòtò bíi mélòó kan, ìdọ̀tí yẹn á fọ́, á di lúbúlúbú, àyè á ṣí sílẹ̀ níbi tó wà, bóòtù tó ti nà á sì fà padà láìní ohun tó ń tẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀tì kò tíì yí rárá, síbẹ̀ ó ti dẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn tó máa ń kun rìímù kí ọkọ̀ lè dára lójú pé kí wọ́n má kun ojú tó ń kan họ́ọ̀bù àti ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó lé. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, ìṣẹ́jú díẹ̀, àti akísà tó mọ́ ti tó láti tọ́jú ibẹ̀.

Èyí tó tún ń tan ènìyàn ni eyín tó dọ̀tí. Nínú gbogbo agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń bá eyín àti ìdí nọ́ọ̀tì lọ, ìdá kan péré ló ń na bóòtù. Bí eyín bá wá dípẹtà, agbára tó ń ṣòfò á pọ̀ sí i, sípánà á ṣòro yí, a ó sì rò pé táyà ti mú, nígbà tí bóòtù kò tíì nà dé ibi tó yẹ. Bí ẹlòmíràn bá sì fi òróró tàbí gírísì kun gbogbo rẹ̀ láìwo ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ, òdìkejì rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, kí bóòtù nà kọjá ààlà. Irú nọ́ọ̀tì kan wà tó ní wọ́sà tó ń dá yí lábẹ́ ara rẹ̀; èyí máa ń fẹ́ ẹ̀kán òróró díẹ̀ láàárín nọ́ọ̀tì àti wọ́sà náà. Nọ́ọ̀tì tí ìdí rẹ̀ rí roboto, tó ń jókòó sínú ihò rìímù àtijọ́, gbígbẹ ni wọ́n ń dè é.

Ọ̀rọ̀ páìpù ló ń dùn mí jù. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá kọ ló ń sọ ibi tí a gbọ́dọ̀ fún nọ́ọ̀tì dé. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ Yúróòpù tó ní bóòtù 10 lójú họ́ọ̀bù kan, tí bóòtù náà sì nípọn tó 22 mìlímítà, iye náà máa ń wà láàárín 600 sí 700 lórí ìwọ̀n Newton-metre, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo 450 sí 500 lórí ìwọ̀n foot-pound tiwọn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́nà tí ọmọ iṣẹ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ sípánà bá gùn ní mítà 1, tí ẹni tó wọ̀n ní 60 kílò sì dúró jẹ́ẹ́ lórí ìparí rẹ̀, nǹkan bí 600 ló fi fún nọ́ọ̀tì yẹn. Bí wọ́n bá wá ti páìpù bọ ọwọ́ sípánà títí ó fi gùn ní mítà 2, tí géńdé tó wọ̀n ní 80 kílò sì gùn ún, ó ti kọjá 1,500 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí rẹ̀. Bóòtù tí wọ́n bá ṣe báyìí ti nà kọjá ibi tó ti lè fà padà. Kò ní agbára àtitẹ rìímù mọ́ họ́ọ̀bù mọ́, ẹni tó fún un sì ń lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti ṣe é dáadáa. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìgbéraga fò lórí páìpù yìí, agbára wọn sì wú mi lórí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n fò lé lórí kò bá mi lára mu.

Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ fún nọ́ọ̀tì ń mú iṣẹ́ yá, n kò ní kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n kò mọ ìwọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá kún, ó lè fún un kọjá; bí afẹ́fẹ́ bá ti lọ sílẹ̀ lẹ́yìn táyà mẹ́ta, ó lè má fún un dé ibi tó yẹ, ariwo rẹ̀ kò sì ní yí padà. Kí wọ́n fi í mú nọ́ọ̀tì sún mọ́ ilé, kí wọ́n sì fi sípánà oníwọ̀n, torque wrench, parí rẹ̀. Fífi òòlù kan nọ́ọ̀tì kí a tẹ́tí sí ìró rẹ̀, èyí tí àwọn àgbà awakọ̀ fẹ́ràn, lè tú àṣírí èyí tó ti dẹ̀ pátápátá. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ó dé 600 tàbí 300. Bákan náà, kí wọ́n má fún nọ́ọ̀tì ní títò yípo láti ọ̀kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Kí wọ́n máa lọ láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì, kí wọ́n kọ́kọ́ fún gbogbo wọn fẹ́rẹ́ títí rìímù yóò fi jókòó gún régé, kí wọ́n tó wá fún wọn tán.

Nípa ti bóòtù tó kán, ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń tẹ̀ lé kò lọ́jú pọ̀ rárá. Bí ọ̀kan bá kán, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà lápá ọ̀tún àti èyí tó wà lápá òsì rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ti ń ru ẹrù rẹ̀. Bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá kán lójú họ́ọ̀bù kan, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn. Rìímù tí ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀, tàbí tó sán láti ihò kan sí èkejì, kò ní àtúnṣe. Kí wọ́n gbé e fún àwọn alájàpá irin. Mo sì ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ àwọn ajórinmọ́rin wa pé kí wọ́n má gba iṣẹ́ jíjó nọ́ọ̀tì mọ́ bóòtù tàbí mọ́ rìímù, iye yòówù kí wọ́n fi lọ̀ wọ́n. Iná ni wọ́n fi mú bóòtù táyà le nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́, iná ajórinmọ́rin sì ń ba líle yẹn jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra bóòtù, kó wo orí rẹ̀. Ojúlówó bóòtù ọkọ̀ akẹ́rù ńlá máa ń ní òǹkà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, 10.9 ló wọ́pọ̀ jù, èyí tó ń sọ bí irin náà ṣe lágbára tó. Èyí tí kò ní àmì kankan, kí ó má rà á. Tòkunbọ̀ ni ẹlòmíràn ń wá nítorí owó, mo sì mọ bí ọjà ṣe rí, ṣùgbọ́n bóòtù tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ ti lè nà kọjá ààlà níbi tó ti ń bọ̀, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ra tòkunbọ̀ ilẹ̀kùn, ká ra tòkunbọ̀ dígí, ká má ra tòkunbọ̀ bóòtù táyà.

Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣì wà nígboro wa tí bóòtù apá òsì wọn ń yí sí òdì, tí wọ́n sì kọ lẹ́tà L sí orí rẹ̀, R sì wà lórí ti apá ọ̀tún. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá mọ èyí yóò fi agbára yí i sí ibi tí kò yẹ títí eyín rẹ̀ yóò fi jẹ. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yìí náà ló máa ń ní nọ́ọ̀tì inú tó mú táyà inú, àti nọ́ọ̀tì ìta tó mú táyà ìta. Bí a bá ń fún ti ìta nìkan, ti inú lè ti dẹ̀ tipẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. A ní láti tú ti ìta kí a tó lè yẹ ti inú wò, kí a sì máa tú wọn ní ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀ kí táyà má bàa ṣí láyè rẹ̀.

Wàyí o, iṣẹ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti sọ jáàkì kalẹ̀ nìyí. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tú táyà ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n sì dá a padà, kí wọ́n tún fi sípánà oníwọ̀n yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn láàárín 80 sí 160 kìlómítà. Ìrìn àkọ́kọ́ yìí ni gbogbo ojú irin ń fi jókòó síra wọn, òun náà sì ni ìtẹ̀mọ́ra ń dín kù jù. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Òṣogbo, kó tó dé Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ó ti bọ́ sínú ìwọ̀n yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni àṣà wa ti kùnà, nítorí pé fọ́kánáísà tó de táyà náà wà ní Òṣogbo, ọkọ̀ ti wà ní Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ kejì lé lọ́wọ́. Àbá mi ni pé kí fọ́kánáísà kọ ìwé pélébé fún awakọ̀: táyà wo ló tú, ọjọ́ wo, àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ wà. Kí awakọ̀ fi ìwé náà sójú ibi tí yóò ti máa rí i, kí ó sì dúró nígbà tí ìwọ̀n náà bá pé. Kí ó jẹ́ kí họ́ọ̀bù tutù kí ó tó fún un, pàápàá bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tó ti ń tẹ bírèékì.

Yàtọ̀ sí èyí, ní àràárọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí, kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ rìn yí i ká. Kí ó má fi í lé mọ́tò-bọ́ì lọ́wọ́. Kí ó ka nọ́ọ̀tì, kí ó wo ìlà ìpẹtà, kí ó wo irin tó mọ́ lójijì níbi tí ọ̀dà wà lánàá, kí ó sì fọwọ́ kan họ́ọ̀bù bí ó bá dúró lọ́nà. Họ́ọ̀bù tó gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí òróró ń jò nínú rẹ̀, ń sọ pé bẹ́ríǹ ń kú lọ, bẹ́ríǹ tó bá sì kú lè gbé táyà lọ tòun ti họ́ọ̀bù, bí gbogbo nọ́ọ̀tì tilẹ̀ le.

Mo ní láti sọ èyí tí yóò dun àwọn kan. Awakọ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bá wí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ ni mo rò pé ẹ̀bi wà jù. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló jẹ́ pé iye ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹrù ni wọ́n fi ń san owó fún wọn. Wákàtí tí ọkọ̀ bá lò nínú ọgbà mẹkáníìkì, àdánù tiwọn ni. Nígbà tí awakọ̀ bá wá pe ọ̀gá rẹ̀ pé bóòtù kan ti kán, tí ọ̀gá sì dáhùn pé kó ṣáà máa fi mẹ́sàn-án tó kù lọ, kí ó gbé ẹrù yìí dé ná, kí ni kí ó ṣe? Ọlọ́kọ̀ tó lè ra táyà tuntun lè ra bóòtù àti nọ́ọ̀tì tí yóò mú un dúró. Kí ó ra sípánà oníwọ̀n kan sínú ọkọ̀, kí ó sì máa san owó awakọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dúró fún àyẹ̀wò.

Ní ìpínlẹ̀ Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó yọ pa àwọn arìnrìn-àjò ní 1995, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo káàkiri ibẹ̀. Ní 1997, wọ́n ṣe òfin pé bí táyà bá yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń fi í ṣòwò ti jẹ̀bi, kò sì sí àwíjàre pé àwọn ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Owó ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2,000 dọ́là wọn títí dé 50,000. N kò sọ pé kí a da òfin wọn kọ bó ṣe wà. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́rùn awakọ̀ nìkan, ó sì jẹ́ kí ẹni tó ń jẹ èrè ọkọ̀ mọ̀ pé òun náà ni yóò dáhùn.

Nílé tiwa, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, ní ètò kan láti 2007 tó kan ilé-iṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé kí wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí yóò máa mójú tó ààbò ọkọ̀ àti awakọ̀ wọn. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ típà tó ń kó yanrìn àti òkúta káàkiri Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìlobùú àti Ìkìrun kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹnìkan ní ọ̀kan, ẹlòmíràn ní méjì, kò sì sí òṣìṣẹ́ ààbò tí yóò yẹ wọ́n wò. Mo rọ àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn VIO, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ní ìpínlẹ̀ wa pé, bí wọ́n bá dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró láti wo ìwé rẹ̀, kí wọ́n rìn dé ìdí táyà rẹ̀ náà. Wọn kò nílò ẹ̀rọ kankan láti rí ìlà ìpẹtà, nọ́ọ̀tì tí kò sí níbẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n jó mọ́ rìímù. Ọkọ̀ tí wọ́n bá bá irú rẹ̀ lára, kí wọ́n má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ títí mẹkáníìkì yóò fi dé, kódà bí gbogbo ìwé rẹ̀ bá pé. Oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun ń kó èrò wọ ìlú wa kò gbọ́dọ̀ bá wa ká má tíì bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn awakọ̀ tí kò lè dúró de ẹnikẹ́ni, ọgbọ́n kékeré kan wà. Wọ́n máa ń ta ọfà rọ́bà aláwọ̀ òféèfèé tí wọ́n ń fi bọ orí nọ́ọ̀tì, méjì-méjì á sì dojú kọ ara wọn. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, ọfà náà á yà, a ó sì rí i láti òkèèrè. Ẹni tí kò bá rí i rà lè fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín láti ara nọ́ọ̀tì dé ara rìímù lẹ́yìn tó bá ti fún un tán. Ìlà tó bá ti yà sí méjì ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí ohun tí mo sọ lókè pé nọ́ọ̀tì lè dẹ̀ láìyí, nítorí náà ìlà tó ṣì gún kò ní kí a má fi sípánà yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo wá ń bẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù nílùú yìí pé kí wọ́n fi nínú owó ẹgbẹ́ ra sípánà oníwọ̀n kan sí gáréèjì kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó lè dé 800 lórí ìwọ̀n Newton-metre, kí wọ́n sì yan ẹnìkan tí yóò máa fi í pamọ́ sínú àpótí rẹ̀, tí kò ní yá a fún ẹni tó fẹ́ fi í tú nọ́ọ̀tì tó há. Inú mi yóò dùn láti kọ́ ẹni tí wọ́n bá yàn, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ti lò ó tán, kí wọ́n dá ìwọ̀n rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀ kí súpìríǹgì inú rẹ̀ má bàa rọ̀, kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún láti mọ̀ bóyá iye tó ń kà ṣì jẹ́ òtítọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù kan,
Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.